Ẹranko Tí A Lọ Wò àti Ẹranko Tí Wọ́n Gbé Wá Bá Wa

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣe ìwé ìròyìn tí à ń fi èdè abínibí wa kà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àpilẹ̀kọ kan tí ẹ tẹ̀ jáde ní oṣù tó kọjá, nípa àwọn ibi tí tọkọtaya tuntun lè lọ lo ìsinmi ní ilẹ̀ Éṣíà, ló mú kí n kọ lẹ́tà yìí. Àpilẹ̀kọ náà dùn ún kà, ó sì la ọ̀nà fún ẹni tí kò tíì wọ bàálù kọjá Dubai rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ àwọn ẹranko inú igbó kìjikìji, ó ní kí a rí i dájú pé a gun erin ní Táílándì, kí a gbé ẹranko kékeré olójú rogodo kan sọ́wọ́ ya fọ́tò létí òkun, kí a sì wá ibi tí orangutan, ìnàkí ńlá onírun pupa, yóò ti bọ̀ wá lọ́wọ́ ní Indonéṣíà. Fọ́tò ọkùnrin kan tó jókòó sórí erin, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ni ẹ gbé sórí rẹ̀. N kò rò pé ẹni tó kọ ọ́ ní èrò ibi kankan. Ohun tó kàn mí níbẹ̀ ni pé èmi náà ti jókòó sí irú ibi tí ọkùnrin yẹn jókòó sí, mo sì rí ohun tó wà lábẹ́ àga.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi kẹ́kọ̀ọ́ ní Kuala Lumpur, olú-ìlú Màléṣíà. Ní ọdún kìíní, èmi àti àwọn ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin tí a jọ ń gbé ilé kan náà wọ ọkọ̀ lọ sí gúúsù Táílándì nígbà ìsinmi, a sì sanwó kí wọ́n gbé wa gun erin fún ìdajì wákàtí. Àga onígi ni wọ́n fi okùn dè mọ́ ọn lẹ́yìn. Àwa méjì jókòó sórí rẹ̀, ẹni tó ń dà á gun ọrùn rẹ̀, ó sì mú igi kúkúrú kan tó ní ìwọ̀ irin lórí dání. Ẹ̀rín ni à ń rín nígbà tí a gòkè. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ ni mo rí i pé ibi tí okùn ti ń họ ọ́ lábẹ́ ikùn ti di egbò, wọ́n sì ti fi àpò ìdọ̀họ bò ó kí àlejò má baà rí i. Mo béèrè ìgbà tó máa ń sinmi. Ọkùnrin náà ní ó ń sinmi bí ilẹ̀ bá ṣú. Èmi ọmọ ìran tó ń pe erin ní Àjànàkú, tí àwọn ọdẹ ilé wa ń fi ìjálá kì í, mo ti sanwó kí wọ́n bá mi sọ ọ́ di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Kò sí erin tí wọ́n bí mọ́ gàárì. Kí erin tó lè gbà kí àlejò máa gun òun lójoojúmọ́, wọ́n ní láti já a gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré, kí wọ́n dè é mọ́ àárín òpó igi, kí wọ́n sì fi ebi, àìsùn àti lílù bá a jà títí yóò fi gbà pé ọmọ aráyé ni ọ̀gá. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ Éṣíà, nítorí erin ni wọ́n fi ń wọ́ gẹdú jáde nínú igbó láyé àtijọ́. Nígbà tí ìjọba Táílándì wá fi òfin de gígé gẹdú ní 1989, lẹ́yìn omíyalé tó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ erin àti àwọn tó ń dà wọ́n, owó arìnrìn-àjò afẹ́ ló sì gba ipò owó gẹdú. Mo ń sọ èyí kí a má baà pe gbogbo ẹni tó ń da erin ní ìkà. Ẹran tó ń jẹ oúnjẹ bí àádọ́jọ kìlógíráàmù lóòjọ́ kò ṣeé bọ́ láìsí owó, baba ọlọ́mọ sì ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn kan lára wọn ti yí ọwọ́ padà, wọ́n ti sọ àga kúrò lẹ́yìn erin, àlejò a sì dúró lókèèrè wo bí wọ́n ṣe ń jẹko àti bí wọ́n ṣe ń da erùpẹ̀ sí ara wọn lẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ irú wọn ló yẹ kí owó wa máa lọ. Kí a kàn ṣọ́ra, nítorí orúkọ dídùn pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà: ibi tí wọ́n bá ti pe ara wọn ní ibùdó ààbò, tí wọ́n sì tún ń ta ìwé ìwọlé fún gígun erin tàbí fún bíbá a wẹ̀ lódò lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, ọjà kan náà ni wọ́n ń tà.

Ti ẹranko olójú rogodo yẹn ló burú jù. Slow loris ni àwọn òyìnbó ń pè é. Òru ló ń jẹ̀, ojú rẹ̀ sì tóbi kí ó lè ríran nínú òkùnkùn, nítorí náà iná kámẹ́rà tí à ń tàn sí i ní ilé ọtí etí òkun dà bí ìgbà tí ènìyàn ń ta ata sójú ọmọ tuntun. Nínú àwọn ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́yàn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ní oró, ọ̀kan nínú wọn sì nìyí: bí ẹ̀rù bá bà á, yóò gbé apá méjèèjì sókè kí ẹnu rẹ̀ lè kan ibi tí oró ti ń sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́, yóò pò ó mọ́ itọ́, yóò sì fi eyín gún ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Fídíò kan ti tàn káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì rí níbi tí wọ́n ti ń fi ìka ha abíyá ọ̀kan, tó gbé apá sókè, tí gbogbo ayé sì ń wí pé ara ń yá a. Ẹ̀rù ló ń bà á. Kí oró yẹn má baà mú oníbàárà, àwọn tó ń tà á a máa fi ohun tí a fi ń gé èékánná gé eyín rẹ̀ láìlo oògùn kankan, ọ̀pọ̀ ló sì ń ti ipa egbò ẹnu yìí kú. Láti 2007 ni àdéhùn àgbáyé tí a mọ̀ sí CITES ti fòfin de òwò gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Síbẹ̀, ẹ ó rí wọn léjìká àwọn ọ̀dọ́ tó ń rìn kiri láàárín àwọn àlejò lálẹ́, ẹ ó sì rí fọ́tò wọn lójú òpó àwọn ọmọ wa lórí Facebook.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yín kò yà sọ́tọ̀ nìyẹn: ẹranko tí a lọ wò níbi tó ń gbé, àti ẹranko tí wọ́n gbé wá bá wa níbi tí a wà. Ìkejì yìí, bó ti wù kí fọ́tò rẹ̀ rẹwà tó, ẹnìkan ti fìyà jẹ ẹ́ kí ó tó débẹ̀. Kọfí tí wọ́n ń ṣa hóró rẹ̀ nínú ìgbẹ́ ẹtà náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Inú igbó ni wọ́n ti ń ṣa á tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n inú àgò ni ọ̀pọ̀ ẹtà tí wọ́n ń fi han àlejò ní Bali, erékùṣù kan ní Indonéṣíà, wà báyìí, tí wọ́n ń pòyì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Nínú ọdún kejì mi ni ọmọ kíláàsì mi kan, ọmọ Màléṣíà, mú mi lọ sí Sabah. Àríwá Borneo ni Sabah wà, erékùṣù kẹta tó tóbi jù láyé, tí Màléṣíà, Indonéṣíà àti Brunei pín mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Abẹ́ ìjọba Màléṣíà ló wà, síbẹ̀ wọ́n tún yẹ ìwé ìrìnnà wa wò ní pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀ bí ẹni pé ìlú òkèèrè ni a ti ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ, ẹ má ṣe fi ìwé yín sílẹ̀ ní Kuala Lumpur. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìtumọ̀ orúkọ tí à ń pè lásán. Orang ni ènìyàn ní èdè wọn, hutan ni igbó, nítorí náà ènìyàn inú igbó ni orangutan. Àwọn tó sì ń gbé etí odò Kinabatangan ni wọ́n ń pè ní Orang Sungai, ènìyàn odò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi pe àwọn méjèèjì, ó sì ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti jọ ń gbé pọ̀.

Sepilok ni a kọ́kọ́ lọ, nítòsí ìlú Sandakan. Láti 1964 ni wọ́n ti dá ibùdó kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọmọ orangutan tí kò ní ìyá mọ́. Bí ẹnìkan bá sì ń wá ọmọ orangutan tà, ìyá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pa, nítorí ìyá náà kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀ lóòyẹ̀. Abo orangutan a máa bí ọmọ kan, yóò tọ́jú rẹ̀ fún bí ọdún méje sí mẹ́jọ kí ó tó tún bí òmíràn, ní àkókò yìí ni yóò sì kọ́ ọ ní èso tó ṣeé jẹ, ìgbà tó ń so, àti bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀ka igi tẹ́ ibùsùn tuntun ní alaalẹ́. Ọmọ tí kò rí ìyá kọ́ ọ kò mọ igi gùn. Àwọn òṣìṣẹ́ Sepilok ló ń kọ́ wọn, wọn a sì máa tú wọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú igbó tó yí ibẹ̀ ká. Àlejò kò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ tàbí àpò wọlé, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ wọn. Orí pèpéle onígi ni a dúró sí, tí à ń wo ibi tí wọ́n ń gbé oúnjẹ sí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Méjì péré ló wá lọ́jọ́ náà. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bínú pé òun kò rí ju méjì lọ. Òṣìṣẹ́ kan fi sùúrù dá a lóhùn pé ọjọ́ tí wọn kò bá wá ni inú àwọn máa ń dùn jù, nítorí ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti rí oúnjẹ fúnra wọn nínú igbó.

Láti ibẹ̀ ni a ti gba ọ̀nà odò Kinabatangan. Odò náà gùn tó 560 kìlómítà, òun ló sì gùn jù ní Sabah. Ọkọ̀ kékeré ni a fi ń rìn lórí rẹ̀ ní kùtù àti ní ìrọ̀lẹ́, nítorí etí odò ni àwọn ọ̀bọ onímú gígùn máa ń wá sùn bí oòrùn bá ń wọ̀. Kò sí ibòmíràn láyé tí wọ́n wà lẹ́yìn Borneo. Imú àwọn akọ rọ̀ dirodiro débi pé bí wọ́n bá fẹ́ jẹun, wọn a fi ọwọ́ tì í sápá kan. Ẹ̀yà mẹ́jọ ni ẹyẹ ìdílé àkàlà ní erékùṣù náà, gbogbo wọn ló sì wà lágbègbè odò yìí. A rí ọ̀ọ̀nì tó sùn sórí ẹrẹ̀. A rí orangutan kan tó fi ewé ṣe agbòjò. Láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo ni a rí gbogbo èyí, mo sì sọ fún afinimọ̀nà wa pé igbó wọn kún fún ẹran. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní kí n má ṣe yọ̀ jù. Ó yí ọkọ̀ sí etí odò, ó ní kí n sọ̀kalẹ̀ tẹ̀ lé òun, a sì rìn wọ inú igi lọ bí igba ẹsẹ̀. Igbó tán. Oko ọ̀pẹ ló kù, ìlà lẹ́yìn ìlà, títí ojú kò fi tó o mọ́. Àwọn ẹran náà kò pọ̀ o. Kò síbi tí wọ́n lè sá sí mọ́ ju ọ̀já igbó tẹ́ẹ́rẹ́ etí odò lọ, ìdí nìyẹn tí àlejò fi ń rí wọn kíákíá. Ní 2005 ni ìjọba Sabah fi òfin dáàbò bo nǹkan bí 26,000 hẹ́kítà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò so kọ́ra; ó já wélewèle bí aṣọ tí eku ti jẹ.

Ọ̀pẹ yẹn ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi wúwo nígbà tí a ń padà sínú ọkọ̀. Igi tí babaláwo ń mú ikin lórí rẹ̀, tí a ń fi màrìwò rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ ojúbọ Ògún, tí kò sí ohun kan lára rẹ̀ tí ìyá mi kì í lò, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti mú un lọ. Ní 1848 ni àwọn ará Họ́láńdì gbin mẹ́rin péré sínú ọgbà ohun ọ̀gbìn kan ní Bogor, ní erékùṣù Java. Lónìí, Indonéṣíà àti Màléṣíà ló ń pèsè ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún epo ọ̀pẹ tí gbogbo ayé ń lò. Ní 1981, wọ́n tiẹ̀ tún wá kó kòkòrò kékeré tó ń gbé àtíkè òdòdó akọ ọ̀pẹ lọ sára ti abo kí ó lè so láti Kamẹrúùnù lọ sí Màléṣíà, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ fífi ọwọ́ ènìyàn ṣe é. Ọ̀pẹ kò ṣẹ̀, àgbẹ̀ tó gbìn ín kò sì ṣẹ̀ tó bí a ti ń wí. Ṣùgbọ́n láàárín 1999 sí 2015, ju 100,000 orangutan lọ ló run ní Borneo, gígé igbó àti pípa wọn ló sì fà á. Ọmọ Yorùbá tó bá dúró sí ààlà oko yẹn yóò mọ̀ pé nǹkan ilé òun wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìròyìn kàn pé àwọn erin wà létí odò. Erin Borneo kéré ju àwọn erin Éṣíà yòókù lọ. Ní 2024 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ohun alààyè, kọ orúkọ wọn sínú ìwé àwọn ẹ̀yà tó wà nínú ewu, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan péré ló sì kù. (Mẹ́rìnlá nínú wọn ni wọ́n bá ní òkú nínú igbó ọba kan ní Sabah ní ìbẹ̀rẹ̀ 2013, májèlé ni wọ́n sì fura sí.) Nígbà tí a débẹ̀, ọkọ̀ bíi mẹ́jọ ti ṣáájú wa, olúkúlùkù ń sáré ẹ́ńjìnnì kí àwọn oníbàárà rẹ̀ lè wà níwájú. Àwọn erin náà fẹ́ wẹ odò kọjá sí òdìkejì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe kí oko ọ̀pẹ tó dé, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan lọ dúró sí ojú ibi tí wọn ì bá gbà. Abo kan ti ki ẹsẹ̀ bọ omi pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ó yí padà. Afinimọ̀nà wa pa ẹ́ńjìnnì láti òkèèrè, ó wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó sì fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ wa padà láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Àwọn kan nínú wa kùn, pé àwọn ti sanwó. Èmi pẹ̀lú kùn, n kò ní purọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó gbé wa gba ẹ̀ka odò kékeré kan tí ọkọ̀ mìíràn kò sí. A jókòó jẹ́ẹ́ fún ohun tó lé ní wákàtí kan, eṣúṣú méjì sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọrùn ẹsẹ̀ mi. Esùsú gíga etí odò wá ń mì. A gbọ́ tí nǹkan ń fa koríko tu, a gbọ́ èémí ńlá kan, etí kan fẹ̀, ìrù kan fì, ó tán. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin. Ó dá mi lójú pé ẹni tó pa òwe yìí, ibi tí igbó ti ṣí ló ti rí tirẹ̀. Nínú igbó Borneo, fìrí gan-an ni, fìrí yẹn sì dùn mọ́ mi ju ìdajì wákàtí tí mo lò lórí ẹ̀yìn erin ní Táílándì lọ.

Mo ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ afinimọ̀nà yìí nítorí pé òun ni gbogbo nǹkan rọ̀ mọ́. Ẹni gidi nínú wọn dà bí ọdẹ ilé wa, ìbọn nìkan ni kò gbé. Ó mọ igi ọ̀pọ̀tọ́ tó ń so lọ́wọ́, nítorí ibẹ̀ ni orangutan àti àwọn ẹyẹ yóò wá. Ó ń wo ibùsùn orangutan lórí igi, bí ewé rẹ̀ bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó mọ̀ pé alẹ́ àná ló sùn síbẹ̀. Bí ó bá ti di pupa, ó ti kọjá lọ. Ní òru, kì í tan iná sí ojú ẹran títí. Kì í ṣèlérí.

Ní Bukit Lawang, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó ọba Gunung Leuser ní erékùṣù Sumatra ní Indonéṣíà, ìlérí ni àwọn kan ń tà. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń tú àwọn orangutan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ènìyàn sílẹ̀ sínú igbó yẹn, nítorí náà ojú ènìyàn kò jẹ́ tuntun sí wọn. Àwọn afinimọ̀nà kan wá sọ ọ́ di ìṣe láti máa fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ fà wọ́n sílẹ̀ kí àlejò lè yà wọ́n láti ìtòsí. Mo rò pé ibẹ̀ ni ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ yín ní lọ́kàn. Ohun tí kò sọ ni pé orangutan tó ti mọ ènìyàn mọ́ oúnjẹ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já àpò gbà, yóò sì bu ènìyàn jẹ bí kò bá rí ohun tó fẹ́. Kò sọ pé ara orangutan sún mọ́ tiwa débi pé ikọ́ àti ọ̀fìnkìn tí a gbé wọ bàálù láti Èkó tàbí London lè di àrùn sí i lára, nígbà tó jẹ́ pé kò ní agbára láti bá a jà bíi tiwa. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ni pé kí mítà mẹ́wàá, ó kéré tán, wà láàárín àwa àti wọn, kí a lo ìbòmú, kí ẹni tó ń ṣàìsàn sì dúró sílé ìtura lọ́jọ́ náà, kódà bí ó bá ti sanwó. Ẹ̀yà kẹta orangutan, èyí tí àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sọ́tọ̀ ní 2017 ní Tapanuli ní Sumatra kan náà, kò tó 800. Àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn kan ṣoṣo lè ṣe é ní jàǹbá ńlá.

Àwọn kan yóò ní kí gbogbo wa kúkú jókòó sílé, kí bàálù wa má sì ba ojú ọjọ́ jẹ́. Mo gbọ́, ó sì ní òtítọ́ nínú. Ṣùgbọ́n mo ti rí abúlé Batu Puteh létí Kinabatangan. Àwọn ènìyàn odò tó wà níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sílẹ̀, KOPEL ni wọ́n ń pè é, ẹgbẹ́ náà ló sì ń pín àlejò sí ilé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń wa wọ́n lórí odò, tí wọ́n sì ń gbin igi padà sí etí omi níbi tí wọ́n ti gé e. Ilé ìyá àgbà kan ni a sùn. Orí ẹní ni a ti jẹ ìrẹsì àti ẹja odò, ó sì ń bi mí lórí oko wa nílé títí oorun fi gbé mi lọ. Ní ọjọ́ kejì wọ́n fún mi ní ọkọ́ kékeré kan àti irúgbìn mẹ́wàá. Ìdílé tó ń rí owó nínú igbó tó dúró ní ìdí láti sọ pé rárá nígbà tí olówó bá wá béèrè ilẹ̀ fún oko ọ̀pẹ, ìdílé tí kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ kò ní ìdí yẹn. Bí àwọn àlejò bá sì ń gba ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá tó wà lókèèrè lọ, tí wọ́n ń sùn sílé ìtura ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì nìkan ni abúlé náà yóò rí jẹ.

Nítorí náà, ẹ gbà mí láyè láti sọ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi kún àpilẹ̀kọ yín nígbà mìíràn. Kí tọkọtaya tó fẹ́ lọ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìrìn-àjò náà bóyá wọn yóò fi ọwọ́ kan ẹranko. Bí ó bá fi ìdùnnú dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n yí ojú sí ibòmíràn. Kí wọ́n béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí owó yóò kù sí, iye ènìyàn tí yóò wà nínú ọkọ̀ kan, àti ohun tí afinimọ̀nà máa ń ṣe bí ọkọ̀ mìíràn bá ti ṣáájú dé ibi tí ẹran wà. Kí wọ́n sì lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójú kan dípò kí wọ́n sáré gba ìlú márùn-ún lọ́sẹ̀ kan. Ẹni tó bá ní owó díẹ̀ sí i lè lọ sí àfonífojì Danum, ní Sabah kan náà, níbi tí 438 kìlómítà níbùú-lóròó igbó àtayébáyé ṣì wà láìfọwọ́kàn, tí igi kan tí wọ́n wọ̀n ní 2019 sì ga ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ. Ẹran kò rọrùn láti rí níbẹ̀ bíi ti Kinabatangan, nítorí wọ́n ní ibi tí wọ́n lè lọ.

Olóòtú, mo fi fọ́tò kan ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Èmi ni mo yà á, láti inú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo sọ yẹn. Esùsú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, omi díẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹni tó bá sì wo igun apá òsì lókè dáadáa yóò rí nǹkan eléérú kan tó dà bí okùn. Ìrù erin ni. Bí ẹ bá tún fẹ́ tẹ àpilẹ̀kọ ìsinmi náà jáde, mo bẹ̀ yín, ẹ lo èyí dípò ti ọkùnrin tó wà lórí àga. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀ fún mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn